ILÉ TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÌWÉ NI KATAPÍLÀ Ń WÓ

Ọ̀rọ̀ tí olùṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará ìlú sọ ní Òkè-Ìléwó, Abẹ́òkúta. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní oko àti ní ìlú mìíràn.

 

Mo mọ ohun tí ẹ ń retí lẹ́nu olóṣèlú. Ẹ ń retí kí n sọ̀rọ̀ títì, omi àti iná. A ti sọ ìyẹn, a ó sì tún sọ ọ́. Lónìí, ọ̀rọ̀ tí wọn kì í bá yín sọ ni mo bá wá: ọ̀rọ̀ ohun àjogúnbá wa. Ilé àtijọ́, ìwé àtijọ́, ibojì, ahoro, aró, orúkọ àdúgbò, ìtàn ìdílé. Ẹ má tíì ní, "Ebi ń pa wá, ọmọkùnrin yìí ń pìtàn." Ẹ ní sùúrù kí n dé ibi tí mò ń lọ. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀tọ́ yín sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn tó ń ṣe káńsù wa ṣe ń náání ohun tí a ní.

IBI TÍ A DÚRÓ SÍ

Ẹ wo àyíká yín ní Òkè-Ìléwó níbí. Báǹkì ni, hòtẹ́ẹ̀lì ni, ọ́fíìsì ni. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á rò pé àná la dá ìlú yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ilé àwọn akọ̀ròyìn tó wà níbí? Ìwé-Ìròhìn ni wọ́n ń pe ilé náà. Mélòó nínú àwa tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ló ti béèrè ìdí orúkọ yẹn?

Ní ọdún 1859, àlùfáà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròhìn lédè Yorùbá ní Abẹ́òkúta yìí. Òun ni ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, tí inú bí ará ìlú sí ìjọba òyìnbó tó wà ní Èkó, tí wọ́n sì lé àwọn àlùfáà òyìnbó jáde, ìwé náà kógbá sílé. Ìwé tí ẹ dì mọ́wọ́ yìí, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ka lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ àwọn míṣọ́nárì ìgbà yẹn nípa Abẹ́òkúta, ibo lẹ máa lọ? Púpọ̀ nínú wọn wà ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò bínú sí wọn. Wọ́n tọ́jú tiwọn. Tiwa ńkọ́?

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ IṢÁÁJÚ ṢE

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwa kò mọ ìwé tọ́jú. Láti 1898 títí di 1914, Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Egba United Government. Ó ní akápò, ó ní ilé ẹjọ́. Nígbà tí òyìnbó gba ìjọba yẹn mọ́ wa lọ́wọ́ ní 1914, ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá ṣì ń kọ nǹkan sílẹ̀: owó orí, ẹjọ́, ọjà, ilẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn ará ìlú. Àwọn ìwé náà wà ní ẹ̀ka National Archives tó wà ní Abẹ́òkúta. Egba Council Records ni orúkọ wọn.

Ẹ̀yin ìyá aláró, ẹ gbọ́ èyí. Ní nǹkan bí 1936, àríyànjiyàn ńlá wà nílùú yìí lórí sódà àti aró òyìnbó tí àwọn aláró ń lò dípò èlú àti omi eérú. Ààfin ní kí wọ́n má lò ó mọ́. Àwọn ìyá yín kò gbà. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di kíkọ sílẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí ọ̀mọ̀wé obìnrin kan láti Amẹ́ríkà, Judith Byfield, tó ti jókòó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, tẹ ìwé ńlá jáde ní 2002 lórí àwọn aláró Abẹ́òkúta. The Bluest Hands ni orúkọ ìwé náà. Ohun tí ìyá ìyá yín jà fún lórí ìkòkò aró, ayé ti kà á. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní iléèwé ní Ìtòkú àti Kémta ló ti gbọ́ ọ rí?

Ẹ tún rántí pé ọmọ Ìgbórè ni Ṣàbùrí Bíòbákú, tí wọ́n bí ní 1918. Òun ló kọ ìwé lórí Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn ní 1957. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà yẹn gbé owó kalẹ̀ fún ìwádìí ìtàn Yorùbá, wọ́n sì fi í ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ìjọba ló ná an o! Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí kò mọ ìtàn ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wá pa á ní irọ́.

Àwọn ìyá tó bá Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dìde sí owó orí obìnrin láti 1947, tí Aláké ìgbà náà fi kúrò láàfin ní oṣù kìíní ọdún 1949, tí kò sì padà títí di 1950, ibo ni ìwé wọn wà? Púpọ̀ nínú ìwé Ìyá wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ó wà láìléwu, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ọlọ́jà ní Ṣápọ́n tó bá fẹ́ rí ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe, ó gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ohun tó gbé mi dé inú ọ̀rọ̀ yìí, ilé bàbá bàbá mi ni.

Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, òpó méjì wà níwájú, páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí ilẹ̀. Lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n kọ ọdún tí wọ́n parí rẹ̀ sára ògiri: 1926. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára rẹ̀. Wọ́n ní títì ń bọ̀. A ní kò burú, àwa náà fẹ́ títì. Wọ́n ní ká mú ìwé wá ká lè gba owó gbà-má-bínú.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo ní mo ń wá ìwé ilé wa, nítorí bàbá wa sọ fún wa pé bàbá òun fi orúkọ sílẹ̀, ó sì ń san owó ilé lọ́dọọdún. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, èèyàn dáadáa ni, ó mú mi wọ yàrá kan lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó fúnra yín." Fáìlì ni wọ́n kó jọ débi àjà. Mo na ọwọ́ mú ọ̀kan, ó rún mọ́ mi lọ́wọ́. Ikán ti jẹ ẹ́ tán. Èyí tí ikán kò jẹ, òjò ti pa á.

Mo padà sílé. Mo sọ fún àwọn àgbà wa pé ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù fún wa ni ọdún tó wà lára ògiri yẹn. Kò sì pẹ́ tí katapílà fi dé. Ẹ̀rí náà wà lára ògiri tí wọ́n wó. Iye tí wọ́n fún wa, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìyàwó àbúrò bàbá mi jókòó sórí òkìtì àlàpà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti yé mi. Ohun àjogúnbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ijó àti ìlù nìkan. Fáìlì tí ikán jẹ yẹn, ohun àjogúnbá ni. Ilé tí kò sí nínú ìwé ni katapílà ń wó láìbẹ̀rù.

Kì í ṣe ilé mẹ̀kúnnù nìkan o. Ní Èkó, ilé àwọn Àgùdà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Ní 1956 ni ìjọba ti kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o ní òpin ọ̀sẹ̀ kan.  Nítorí náà, òfin nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ta ló sún mọ́ wa ju káńsù lọ?

Ẹ̀YIN ARÁ OKO, Ọ̀RỌ̀ YÍN RÈÉ

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ará ìlú nìkan ni. Kí àwọn baba wa tó dé abẹ́ Olúmọ ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, ìlú wọn wà káàkiri igbó Ẹ̀gbá. Ogun ló tú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko lápá Ọ̀dẹ̀dá lẹ mọ ibi tí ahoro wọ̀nyẹn wà. Ẹ mọ ibi tí ọkọ́ ti ń gbé àpáàdì jáde, ẹ mọ igi tí wọn kì í gé, ẹ mọ ibi tí wọ́n sin àwọn àgbà sí. Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé kankan ní káńsù. Orí yín ló wà.

Ẹ sì mọ̀ pé apá Ọ̀dẹ̀dá náà ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta jù. Iṣẹ́ òkúta kò burú, àwọn ọmọ wa ń ṣe é jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òfin. Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007, ní abala 3, sọ pé ìwé àṣẹ lásán kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti wa ilẹ̀ tí ìlú tàbí abúlé wà, ilẹ̀ ọjà, ilẹ̀ ìsìnkú, ilẹ̀ àwọn baba ńlá, ibi ọ̀wọ̀, tàbí ibi tí ohun àtijọ́ wà. Òfin náà wà fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ní ìwé àṣẹ bá dé tó ní, "Ta ló sọ pé ahoro ló wà níbí? Ẹ mú àkọsílẹ̀ wá," kí lẹ máa mú jáde? Ẹ ó mú bàbá arúgbó kan jáde. Bí bàbá náà bá ti kú ńkọ́?

TA LÓ YẸ KÓ ṢE É?

Wọ́n máa sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ Àbújá ni. Òótọ́ ni pé àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí òfin 1979 dá sílẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Òótọ́ sì ni pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni Olúmọ wà. Wọ́n ṣe é fún àlejò ní 1976, wọ́n tún un ṣe ní 2006, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀. A kì í ṣe aláìmoore, a kan sáárá sí wọn fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ohun àtijọ́ tí ìjọba àpapọ̀ kò bá tíì fi ṣe tiwọn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lé e lórí. Ìwé òfin kan náà gbé iṣẹ́ yìí lé káńsù lọ́wọ́: kíkọ orúkọ sí àdúgbò àti títì, fífi nọ́ńbà sí ilé, ibi ìsìnkú, ọjà, àkọsílẹ̀ ẹni tí a bí àti ẹni tó kú. Ẹ wò ó dáadáa. Kí ni gbogbo wọn bí kò ṣe ìtọ́jú ìtàn ìlú? Káńsù tó bá ṣe iṣẹ́ yìí bó ti yẹ ti ṣe ìdajì ohun tí mò ń bèèrè.

Wọ́n máa ní kò sí owó. Ní July 11, 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, kí gómìnà kankan má fọwọ́ kàn án. Ní November 16 ọdún kan náà, wọ́n dìbò káńsù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ló kó gbogbo àga alága 20. Nítorí náà, wọn kò lè di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ẹ bi wọ́n: nínú owó tó wọlé, èló lẹ fi ra páànù bo yàrá fáìlì yẹn?

Bí ọdún Lísàbí bá dé, ẹ ó rí wọn. Wọn á dáṣọ, wọn á jó, wọn á ya fọ́tò. Ó dáa, Lísàbí tọ́ sí ijó. Ṣùgbọ́n Lísàbí kò fi ijó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀. Àáró ló fi kó wọn jọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA FẸ́ ṢE

Mi ò ní ṣèlérí òkè ńlá fún yín. Ohun márùn-ún ni, káńsù lè ṣe wọ́n.

Èkíní, ìwé ilé àti ibi àtijọ́. Ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, káńsẹ́lọ̀ wa yóò mú olóyè àdúgbò, olùkọ́ kan àti ọ̀dọ́ méjì. Wọn yóò kọ gbogbo ilé àtijọ́, ibojì, ojúbọ, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àtijọ́ sílẹ̀, wọn yóò ya fọ́tò wọn, wọn yóò kọ orúkọ ìdílé tó ni wọ́n. Ẹ̀dà kan á wà ní káńsù, ọ̀kan lọ́wọ́ ìdílé, ọ̀kan ní ilé ìpamọ́ ìwé.

Èkejì, òfin káńsù. Kí katapílà tó kan ilé tó wà nínú ìwé yẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ pe ìpàdé ìta gbangba, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú ṣáájú. Èyí tí agbára káńsù kò bá ká, a ó gbé e lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òkè-Mọsàn.

Ẹ̀kẹta, yàrá fáìlì. Páànù tí kì í jò, oògùn ikán, pákó ìkówèésí, àti akọ̀wé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ìwé tó bá ti gbó, kí a ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ohùn àwọn àgbà. Fóònù tó wà lápò àwọn ọmọ wa lè gba ohùn sílẹ̀. A ó san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ fún ọ̀dọ́ tó bá lọ jókòó ti àgbà, tó gba oríkì ìdílé, orin iṣẹ́ àti ìtàn abúlé sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ rèé.

Ẹ̀karùn-ún, àdìrẹ. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ti kún ọjà, wọ́n ń pè é ní àdìrẹ, ó sì ń lé àwọn ìyá wa kúrò nídìí ìkòkò. A ó ṣe òǹtẹ̀ fún aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ dì tàbí fi láfún ya ní Abẹ́òkúta, kí àlejò tó bá dé Ìtòkú lè mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó. A ó sì kó àpẹẹrẹ bátànì àtijọ́ jọ, pẹ̀lú orúkọ àti ìtumọ̀ wọn.

ÀWỌN TÓ Ń JIYÀN

Arákùnrin kan bi mí léèrè pé, "Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ dá ìbọ̀rìṣà padà?" Rárá o. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter ní Aké, ohun àjogúnbá ni. Ní 1846 ni Townsend àti Crowther dé ìlú yìí, ibí ni Crowther ti tún rí ìyá rẹ̀ tí ogun yà wọ́n. Mọ́ṣáláṣí tí bàbá àgbà yín kọ́, ohun àjogúnbá ni. Gbọ̀ngàn Centenary tí wọ́n fi ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú yìí ní 1930, ohun àjogúnbá ni. Ibodè Àró tí wọ́n ti dá Dàhómì padà ní 1851, ohun àjogúnbá ni. A kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ nǹkan kan. Ohun tí a ní ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá kan náà ní, "Ọmọ mi, ṣé ìyẹn á ra gàárì?" Ìyá mi, ní tòótọ́, kò ní ra gàárì lọ́la. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ilé rẹ̀ wà nínú ìwé yóò gba owó rẹ̀ pé nígbà tí títì bá dé. Abúlé tí ahoro rẹ̀ wà nínú ìwé yóò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ fọ́ òkúta. Aláṣọ tí òǹtẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀ yóò rí oníbàárà. Ìyẹn á ra gàárì, á sì ra ẹja sí i.

OHUN TÍ Ẹ MÁA ṢE

Ẹ má dúró de wa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ra ìwé àjákọ kan. Ẹ pe ẹni tó dàgbà jù nínú yín. Ẹ bi í: ta ló kọ́ ilé yìí? Lọ́dún wo? Ta ló fún un nílẹ̀? Níbo la ti wá kí a tó dé ibí? Níbo la sin àwọn àgbà sí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni mẹ́ta fọwọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò ilé yín láti iwájú, kí ọdún tó wà lára ògiri hàn. Ẹ má ṣe bíi tiwa.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ káàdì ìdìbò yín wò. Nígbà tí ìdìbò káńsù bá tún dé, ẹ má ta á nítorí ìrẹsì àti ọṣẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bẹ̀ yín fún ìbò, yálà tiwa ni o tàbí tiwọn, ẹ ní kó kọ́kọ́ mú yín wọ yàrá fáìlì káńsù. Ẹni tí kò bá lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún yín, ẹ má ṣílẹ̀kùn yín fún un.

Àwọn baba wa sá sábẹ́ òkúta, òkúta gbà wọ́n. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ń sá sábẹ́ wa báyìí. Ẹ jẹ́ ká gbà á.